Ṣé kí wọ́n da ásíìdì sí bíríkì ilé tuntun?

Ìbéèrè láti Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ilé tí a kọ́ fún màmá wa ní Akóbọ̀ ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin èmi àti bíríkìlà. Bíríkì pupa, èyí tí wọ́n fi amọ̀ sun, la fi ṣe gbogbo iwájú ilé. A ò rẹ́ ẹ, a ò sì fẹ́ kùn ún, torí pupa yẹn gan-an ni màmá fẹ́ràn. Ọjọ́ kẹrìnlá rèé tí wọ́n ti mọ ọ́n tán. Sìmẹ́ǹtì ta sí i lára káàkiri, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi ẹ̀kọ ra ojú. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nǹkan funfun kan tún ń yọ lára rẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n bu ìyẹ̀fun sí i.

Ọ̀gá bíríkìlà ní kí n ra gálọ́ọ̀nù ásíìdì méjì wá, pé lọ́la lòun máa dà á sí i, òun á fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á, kílẹ̀ tó ṣú gbogbo ẹ̀ á ti dán. Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn ti ń ṣe é bọ̀ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Manchester ní n ò gbọdọ̀ gbà, kí n fi í sílẹ̀ fún òjò. Aládùúgbò wa ní kí n kàn ra fáníìṣì kí wọ́n fi kùn ún, pé gbogbo ẹ̀ á bò mọ́lẹ̀. Owó màmá ló wà ńbẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

* * *

Èsì

Má ra ásíìdì yẹn. Ó kéré tán, má rà á lọ́la.

Mi ò sọ pé bíríkìlà rẹ ò mọṣẹ́ o. Mi ò tiẹ̀ sọ pé a ò ní lo ásíìdì tó bá yá. Ohun tí mò ń sọ ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára ògiri yẹn, ẹ sì fẹ́ fi oògùn kan ṣoṣo wo méjèèjì. Sìmẹ́ǹtì tó ta sí i, ìta ló ti wá, ojú bíríkì ló lẹ̀ mọ́. Funfun tó ń yọ nísàlẹ̀, inú ògiri ló ti ń jáde bọ̀. Iyọ̀ ni, omi ló sì ń gbé e wá. Bí omi bá ṣì wà nínú ògiri, bí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, á tún yọ.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyí. Bí bíríkìlà bá ti kúrò nílẹ̀, tí onílé ò tíì kó wọlé, àwa la máa ń wọ àárín wọn láti fọ ògiri, fèrèsé àti ilẹ̀. Èkó ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó wá sí Ìbàdàn. Nínú gbogbo ilé tuntun tí wọ́n ti ní kí n wá wò, èyí tí ásíìdì bà jẹ́ pọ̀ ju èyí tí ìdọ̀tí bà jẹ́ lọ. Ìdọ̀tí ṣeé yọ. Ojú bíríkì tí ásíìdì bá ti jẹ, kò sẹ́ni tó lè dá a padà.

Lọ wo nǹkan mẹ́ta fún mi. Báwo ni funfun yẹn ṣe ga tó látilẹ̀? Bí o bá fọwọ́ nù ún, ṣé ó ń bọ́ àbí ó le? Kí ló wà nídìí ògiri níbi tó ti pọ̀ jù?

* * *

Oníbéèrè

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti lọ wò ó láàárọ̀ yìí. Kò ga ju orúnkún mi lọ. Ibi tí wọ́n kó yanrìn tó ṣẹ́ kù sí ló pọ̀ sí jù, yanrìn náà fara ti ògiri. Mo fọwọ́ nù ún, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí àtíkè. Sìmẹ́ǹtì tòkè le koko ní tiẹ̀. Wọ́n ti gbé fèrèsé sí i, àlúmíníọ̀mù ni. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ti ń bínú. Ó ní ta lẹni tó fẹ́ wá kọ́ òun níṣẹ́.

* * *

Èsì

Yanrìn yẹn! Ní kí wọ́n kó o kúrò níbẹ̀ lónìí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Òjò ń rọ̀ sí yanrìn, yanrìn ń di omi náà mú, ògiri sì ń fi ẹ̀gbẹ́ mu ún lókè ojú DPC, ìyẹn awọ tí wọ́n tẹ́ sínú ògiri lókè ìpìlẹ̀ kí omi ilẹ̀ má bàa gòkè, tó yẹ kó dáàbò bò ó. Omi tó wọlé yẹn ló ń yọ́ iyọ̀ tó wà nínú bíríkì àti nínú sìmẹ́ǹtì. Bí oòrùn bá mú, ojú ògiri ni omi máa gbà jáde, afẹ́fẹ́ á gbé omi lọ, iyọ̀ á ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ògiri tí wọ́n mọ nígbà òjò fi máa ń funfun nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí onílé á máa rò pé ọyẹ́ ló fà á.

Ọ̀rọ̀ funfun yìí gba àlàyé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Oríṣi mẹ́ta ni mo máa ń bá pàdé.

Èyí tó wà lára ògiri tiyín, tó ń bọ́ bí àtíkè, tí omi sì ń yọ́, iyọ̀ lásán ni. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ti tó o, búrọ́ọ̀ṣì oníke tàbí onírun. Ẹ má lo ti wáyà o! Wáyà máa ń ṣẹ́ sójú bíríkì wẹ́wẹ́wẹ́, ojú ò ní rí i, tó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á dípẹtà, bíríkì á kún fún àmì pupa rúsúrúsú. Bí ẹ bá ń gbọn iyọ̀ náà, ẹ tẹ́ náílọ̀n sílẹ̀ kí ẹ fi gbà á, kí ẹ gbé e jìnnà. Bó bá dà sídìí ògiri, òjò tó ń bọ̀ á yọ́ ọ, ògiri á tún mu ún.

Èkejì le bí èépá, ojú ìsopọ̀ bíríkì ló ti máa ń ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Inú sìmẹ́ǹtì ló ti wá, afẹ́fẹ́ ló sọ ọ́ di òkúta. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wàá rí i tó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Omi ò ràn án. Ásíìdì wúlò fún èyí, ṣùgbọ́n ẹ ní láti kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà wọlé lókè, kí ẹ dí i.

Ẹ̀kẹta burú jù, torí àwa afọgiri fúnra wa la ń dá a sílẹ̀. Wọ́n da ásíìdì, ásíìdì yọ́ sìmẹ́ǹtì, wọ́n wá bu omi díẹ̀ sí i, wọ́n ní ó ti mọ́. Ohun tó ti yọ́ yẹn á gbẹ padà sójú bíríkì, á di awọ fẹ́lẹ́ funfun. Bí o bá bomi sí i, o ò ní rí i mọ́. Bó bá gbẹ, ó ti dé. Ásíìdì kì í ràn án mọ́, bí ẹ sì ṣe ń dà á sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ńṣe ló ń nípọn sí i. Ẹni tí wọ́n bá pè sírú ògiri bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òun ti wọ gàù.

* * *

Èsì, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn dá sí i

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti àná. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹnì kan ní ásíìdì bátìrì lòun ń lò, pé ó yá ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Ásíìdì tí àwọn afọgiri ń lò ni hydrochloric, èyí tí wọ́n tún ń pè ní muriatic. Tinú bátìrì, sulphuric ni. Bí sulphuric bá pàdé sìmẹ́ǹtì, iyọ̀ mìíràn ló máa bí síbẹ̀, èyí tó máa ń wú nínú ihò bíríkì àti nínú ìsopọ̀ tó bá mu omi. Ẹ fẹ́ yọ iyọ̀ kúrò lára ògiri, ẹ tún wá ń bu òmíràn sí i.

Ẹnì kejì ní kí a pò ó mọ́ bílíìṣì, irú Jik tàbí Hypo, kí bíríkì lè tàn. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ ògiri, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ásíìdì àti bílíìṣì bá pàdé, gáàsì chlorine ni wọ́n máa tú jáde, ó ń jó ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn. Ẹ má tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n wọ bókẹ́ẹ̀tì kan náà, kódà bí ẹ bá ti dà á nù tán.

Ẹnì kẹta, bíríkìlà ni, ó ní ọdún 20 lòun ti ń da ásíìdì sí ògiri láìpò ó mọ́ omi, kò sì sí èyí tó wó. Ọ̀gá mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ sílé kan nínú wọn, kí ẹ fi èékánná fa ojú ìsopọ̀ bíríkì. Bí yanrìn bá ń dà, sìmẹ́ǹtì tó dì í mú ti bá ásíìdì yín lọ nìyẹn. Ògiri ò wó lóòótọ́, ó ti ń mu òjò bí kànìnkànìn.

* * *

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ilé kan lé mi lọ́wọ́ ní Ajah. Oṣù kejì ni, oòrùn ọ̀sán ganrínganrín. Bíríkì pupa, ògiri gbẹ táútáú, ó gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣeé gbé lé e. Agbaṣẹ́ṣe ń sáré, ó ní onílé ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo da ásíìdì sí i bó ṣe rí nínú gálọ́ọ̀nù. Ó hó yeee, èéfín funfun bo gbogbo wa, sìmẹ́ǹtì ń bọ́, inú mi dùn. Mo fi omi ṣàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bíríkì náà mọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà débi pé agbaṣẹ́ṣe yà á ní fọ́tò.

Lọ́jọ́ kẹta, omi yẹ́lò ti ń sun jáde lójú ìsopọ̀ bíríkì. Ó ṣàn wálẹ̀ gbọọrọgbọ, bí ìgbà tí ọmọ bá tọ̀ sí ògiri. Férémù fèrèsé tó wà nísàlẹ̀ ti ní àmì tótòtó, ó ti ṣú. Mo fọwọ́ kan ìsopọ̀ bíríkì, yanrìn bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo san owó férémù méje, mo sì pa dà sí ògiri náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò mọ́ tán títí di òní.

Ohun tí ilé yẹn kọ́ mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́: ògiri tí òùngbẹ ń gbẹ, ohun tó bá kọ́kọ́ rí ló máa mu. Bó bá jẹ́ ásíìdì ló kọ́kọ́ rí, ásíìdì ló máa mu lọ sínú, omi tí ẹ bá sì dà sí i lẹ́yìn náà, ojú nìkan ló máa fọ̀. Bó bá jẹ́ omi ló kọ́kọ́ rí, tó mu ún yó, ásíìdì ò ní ráàyè wọlé, ojú ló máa wà, ojú ni ẹ sì máa ti fi omi gbá a lọ. Àríyànjiyàn tí à ń ṣe pé ká lò ó tàbí ká má lò ó, ẹ̀yìn omi ló yẹ kó wà.

* * *

Oníbéèrè

Wọ́n ti kó yanrìn kúrò. Ẹ̀gbọ́n, báwo wá ni kí wọ́n ṣe yọ sìmẹ́ǹtì tòkè? Bíríkìlà ti gbà láti dúró, ṣùgbọ́n ó ní òun ò mọ bí èèyàn ṣe ń fi omi lásán fọ sìmẹ́ǹtì.

* * *

Èsì

Ó dáa bó ṣe gbà. Bá mi kí i, sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń bá a du iṣẹ́.

Ọjọ́ 14 tí ẹ wà yìí dára. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ kí ọjọ́ 7 tó pé, ìsopọ̀ bíríkì ò tíì gan, ẹ máa fọ̀ ọ́ jáde. Bí ẹ bá jẹ́ kó kọjá ọjọ́ 28, sìmẹ́ǹtì tó ta sí i á ti le bí òkúta, ẹ ò ní lè yọ ọ́ láìlo agbára tó máa ṣe bíríkì léṣe.

Ẹ mú igi líle pẹlẹbẹ kan, kí ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bí ọ̀bẹ, tàbí kí ẹ lo àfọ́kù bíríkì irú kan náà. Kì í ṣe irin. Irin máa ń ha ojú bíríkì, á sì fi àmì dúdú síbẹ̀. Ẹ fi igi yẹn ti àwọn tó ga bọ́ ní gbígbẹ. Ó máa yà yín lẹ́nu bí èyí tó máa jábọ́ ṣe máa pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bomi rin ògiri, kì í ṣe kí ẹ wọ́n ọn. Ẹ jẹ́ kó mu omi títí tí kò fi mu mọ́, kó máa ṣàn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle tí kì í ṣe wáyà fọ̀ ọ́. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni o, tàbí apá ibi tí oòrùn ò tíì dé.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn nìkan ni ẹ máa gbé ásíìdì fún. Ìgò kan sí ìgò omi 9 tàbí 10, nínú bókẹ́ẹ̀tì oníke. Omi ni kó kọ́kọ́ wọ bókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá máa da ásíìdì sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé ásíìdì, ó máa ta sókè síni lójú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, awò tó bo ojú pátápátá, bàtà òjò, aṣọ alápá gígùn. Kí omi tó mọ́ wà nítòsí tí ẹ lè fi ṣan ojú bí nǹkan bá ta sí i.

Kí ẹ tó fi kan iwájú ilé, ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi kọ́lọ́fín, lẹ́yìn ilé tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, níwọ̀n mítà kan níbùú lóròó. Kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó ṣèdájọ́. Ògiri tútù máa ń purọ́, gbogbo ògiri ló máa ń mọ́ bó bá tutù. Bí èyí bá yọrí, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ látòkè wá sísàlẹ̀, ìwọ̀nba tí ọwọ́ lè ká lẹ́ẹ̀kan. Ògiri tó wà nísàlẹ̀ ibi tí ẹ ń fọ̀ gbọ́dọ̀ máa tutù ní gbogbo ìgbà, kí ohun tó ń ṣàn wálẹ̀ má bàa mú un. Ẹ fi ásíìdì tí ẹ ti pò mọ́ omi kùn ún, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi igi ha á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ da omi sí i. Bí ẹ bá rò pé omi ti tó, ẹ tún dà á sí i.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ fi náílọ̀n bo fèrèsé, kí ẹ fi téèpù lẹ ẹ́. Ẹ má gbàgbé férémù ilẹ̀kùn àti irin àkàbà. Èéfín ásíìdì lásán tó láti ba irin dídán jẹ́.

Ohun mìíràn: bíríkì pupa ni tiyín, ẹ ṣọpẹ́. Ẹni tí bíríkì tiẹ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ ìpara, eérú tàbí búráùn, kó má fi ásíìdì yìí kàn án rárá. Àwọn èròjà kan máa ń wà nínú amọ̀ wọn, vanadium nínú èyí tó funfun díẹ̀, manganese nínú búráùn. Ásíìdì máa ń ta wọ́n jí. Ti vanadium á yọ jáde ní àwọ̀ ewé, bí ẹ bá sì tún da ásíìdì lé e pé ẹ fẹ́ yọ ọ́, á di búráùn tó ṣú, tí kì í fẹ́ lọ mọ́. Ìwé ìlànà tí Brick Industry Association ní Amẹ́ríkà máa ń tẹ̀ jáde lórí fífọ bíríkì tuntun, Technical Notes 20, tẹnu mọ́ èyí gan-an, kò sì yàtọ̀ sí ohun tí mo ti fojú rí.

* * *

Ẹnì kan bi mí nípa ẹ̀rọ tí àwọn tó ń fọ mọ́tò ń lò, èyí tó ń tu omi líle. Mo ní in, mo sì ń lò ó, ṣùgbọ́n láti ṣan ògiri ni, kì í ṣe láti fi já sìmẹ́ǹtì. Ìwé Amẹ́ríkà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, 100 sí 300 psi (òṣùwọ̀n agbára tí omi fi ń jáde) ló pè ní omi rírọ̀, 300 sí 700 ló sì pè ní èyí tó wà láàrin. Ẹ̀rọ àwọn afọmọ́tò lè kọjá 1,500. Bí ẹ bá gbé ìyẹn sún mọ́ ìsopọ̀ bíríkì tí kò tíì pé oṣù kan, á gbẹ́ ẹ jáde bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí bu àkàmù. Ẹ lo ẹnu rẹ̀ tó máa ń tú omi bí abẹ̀bẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń tú u bí abẹ́rẹ́, kí ẹ sì jìnnà sí ògiri.

Ẹni tó ní kí a fi ẹ̀rọ tu yanrìn sí i ńkọ́? Rárá. Iná ló ti dáná sun ojú bíríkì títí tó fi le. Yanrìn á bó awọ yẹn kúrò, inú rẹ̀ tó rọ̀ ni ẹ máa máa wò látìgbà náà lọ, á sì máa mu omi àti èéfín.

* * *

Èsì fún ẹ̀gbọ́n tó wà ní Manchester

Arákùnrin náà ti kọ̀wé fúnra rẹ̀, wọ́n ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ilé tuntun ló máa ń funfun lọ́dún àkọ́kọ́, wọn kì í fọwọ́ kàn án, òjò ló ń fọ̀ ọ́ lọ. Òótọ́ pátápátá ni, ẹ̀gbọ́n, ní ti iyọ̀. Mo fara mọ́ yín níbẹ̀, ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe sí ìsàlẹ̀ ògiri nìyẹn: kí wọ́n gbọn ọ́n, kí wọ́n sì ní sùúrù.

Ṣùgbọ́n ohun méjì. Òjò ọ̀dọ̀ yín máa ń ṣẹ́ winniwinni yí ọdún ká. Tiwa ní Ìbàdàn, láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di ìkẹwàá, á rọ̀ bí ẹni ń fi kùmọ̀ lu òrùlé, lẹ́yìn náà á dáwọ́ dúró fún oṣù mélòó kan. Nítorí náà iyọ̀ tiwa máa ń yọ wàwà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ọyẹ́, onílé á fòyà. Ìkejì, òjò ò lè fọ sìmẹ́ǹtì tó ti gan. Ọdún 10 lòjò lè fi rọ̀ lé e, ibẹ̀ ló máa wà.

* * *

Fáníìṣì wá. Èyí ló ń dùn mí jù, torí ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, pàápàá láwọn ilé tó fojú sí títì.

Fáníìṣì tó ń dán yẹn, awọ ló ń fi bo ògiri. Omi tí wọ́n fi mọ ilé ṣì wà nínú ògiri yín, èyí tí yanrìn fún un ṣì wà ńbẹ̀. Ó ń wá ọ̀nà àtijáde. Bí ẹ bá bò ó lójú, ẹ̀yìn awọ yẹn ni iyọ̀ máa kó jọ sí. Á kọ́kọ́ dà bí kurukuru funfun lábẹ́ fáníìṣì, ẹ ò sì ní lè gbọn ọ́n mọ́ torí abẹ́ ló wà. Lẹ́yìn náà fáníìṣì á máa ṣí bí awọ ejò, nígbà mìíràn á mú ojú bíríkì dání. Láti yọ ọ́, ẹ máa náwó ju owó tí ẹ fi kùn ún lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan dáàbò bo bíríkì lóòótọ́, oríṣi tó ń wọnú rẹ̀ tó sì ń jẹ́ kó mí wà, silane àti siloxane ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí òjò kan àti ọyẹ́ kan kọjá lórí ilé náà ná. Bí funfun ò bá yọ mọ́, kí ẹ wá rò ó. Ọ̀pọ̀ ògiri ni kò tiẹ̀ nílò rẹ̀.

* * *

Àwọn ìbéèrè kéékèèké

Ẹni tó ní òpó bákónì onísìmẹ́ǹtì àti búlọ́ọ̀kù oníhò: ẹ má fi ásíìdì kàn án. Sìmẹ́ǹtì ni gbogbo ara rẹ̀, kí ni ásíìdì fẹ́ fi sílẹ̀? Omi, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó ní àtẹ̀gùn mábù lábẹ́ ògiri bíríkì: ẹ bò ó, kí ẹ tún ohun tí ẹ fi bò ó bò. Ẹ̀kán ásíìdì kan ṣoṣo ti tó láti pa dídán rẹ̀. Bákan náà ni travertine, òkúta oníhò wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀, àti òkúta ẹfun.

Ẹni tó ń kọ́lé ní Lẹ́kkí tó ní funfun òun ò tán láti ọdún kejì: ẹ bi ẹni tó kó yanrìn fún yín bóyá etí òkun ló ti kó o, kí ẹ sì tọ́ omi kànga tí wọ́n fi pò ó wò. Bí iyọ̀ bá wà nínú méjèèjì, ẹ máa gbọn ògiri yẹn fún ìgbà pípẹ́.

Gíláàsì: sìmẹ́ǹtì tó bá ta sí i, ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ó máa ń jẹ gíláàsì fúnra rẹ̀, bí ẹ bá yọ ọ́ lẹ́yìn oṣù kan, ojú ibẹ̀ á ti ṣókùnkùn.

* * *

Bàbá kan tó ti mọ ilé ní Abẹ́òkúta láti ìgbà èwe wọn kọ̀wé pé gbogbo wa ń pariwo lórí ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá. Wọ́n ní lásìkò tàwọn, ọ̀gá á gbá ọmọṣẹ́ létí bí sìmẹ́ǹtì bá ta sí bíríkì. Mi ò fara mọ́ ìgbátí o, bàbá, ẹ máa bínú. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ kà á.

Wọ́n ní bíríkì kì í sùn sórí ilẹ̀, pákó ni wọ́n ń tò ó lé, torí ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ fún un ní iyọ̀. Wọ́n ní sìmẹ́ǹtì tó bá yọ síta nínú ìsopọ̀, èèyàn kì í sáré nù ún nígbà tó ṣì rọ̀, torí ńṣe ló máa ra bíríkì lójú. Ẹ jẹ́ kó gan díẹ̀, kí ẹ wá gé e bọ́. Bí iṣẹ́ bá parí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ojú ògiri, kí ẹ fi náílọ̀n bo orí rẹ̀ kí òjò òru má bàa wọ ihò bíríkì. Kí ẹ sì dá pákó tí ẹ ń dúró lé, èyí tó sún mọ́ ògiri, dúró sórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí pákó tó tẹ́ sílẹ̀, gbogbo sìmẹ́ǹtì orí rẹ̀ ló máa ta sí ògiri. Mo ti rí ilé tí ìlà ìdọ̀tí ta yí i ká ní gbogbo ibi tí pákó dé, bí ìgbànú.

Ọ̀rọ̀ owó wá tẹ̀ lé e. Bíríkìlà mẹ́ta ló ti kọ̀wé pé fífọ ògiri kò sí nínú owó àwọn. Àwọn onílé ní ó wà ńbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń dúnàádúrà. Ní tèmi, ẹni tó mọ ògiri ló yẹ kó fi í lélẹ̀ ní mímọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí wọ́n mọ ìwọ̀n mítà kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: báyìí ni gbogbo ẹ̀ ṣe máa rí tó bá parí. Bíríkìlà tó bá mọ̀ pé òun lòun máa fọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ á mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí onílé náà san owó rẹ̀. Ẹ ò lè pe owó iṣẹ́ wálẹ̀ títí dé egungun, kí ẹ tún ní kó fi ọjọ́ mẹ́rin fọ ògiri lọ́fẹ̀ẹ́.

* * *

Oníbéèrè, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá

Ẹ̀gbọ́n, a dán an wò lẹ́yìn ilé ìdáná. Igi ìrókò ni bíríkìlà gbẹ́, ó ní òun ò gbà pé á ṣe nǹkan kan. Èyí tó ju ìdajì lọ bọ́ ní gbígbẹ! Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká bomi rin ín títí ilẹ̀ fi kún. Ásíìdì tí a lò kò tó ìgò kan. Ó ti gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan báyìí, pupa ni, kò sí yẹ́lò. Ìsàlẹ̀ tí a gbọn ti tún funfun díẹ̀, kò tó ti tẹ́lẹ̀. Màmá ní ṣé a ò lè kàn fọ̀ ọ́ ni, torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn ẹgbẹ́ wọn ń bọ̀ wá kí wọn kú orí ire.

* * *

Èsì

Ẹ bá mi kí màmá, ẹ kú orí ire ilé. Ẹ fọ òkè bí ẹ ṣe fọ ti ẹ̀yìn ilé ìdáná, kí bíríkìlà fúnra rẹ̀ dúró tì í. Ìsàlẹ̀ yẹn, yàtọ̀ sí omi tó máa dáàbò bò ó nígbà tí ẹ bá ń fọ òkè, ẹ má fi omi kàn án. Ògiri ṣì ń lé omi tó mu jáde ni, bí ẹ bá fún un ní òmíràn, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ màmá ń bọ̀, kí ẹnì kan gbé búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ kó gbọn ọ́n, kó sì kó iyọ̀ náà dànù. Kí ẹ sì bá mi wo ibi tí páìpù tó ń gbé omi òrùlé wálẹ̀ ń da omi sí. Bó bá jẹ́ ìdí ògiri yẹn ló ń dà á sí, ẹ fà á jìnnà kí òjò mìíràn tó rọ̀.